Ilé Tí Wọ́n Ní Kí N Sẹ́

Ilé Kúbúrá aláṣọ,
Ẹ̀yìn Ọjà Ńlá, Zongo,
Niamey.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1964.

Wòsílátù, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Mo kí Àbdùlsàlàm ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ láti orí àgbà títí dé orí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ṣé ikọ́ tó ń da ìyá ọkọ rẹ láàmú nígbà ọyẹ́ ti fi í sílẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A gba ààwẹ̀ tán láyọ̀, àfi ooru tó tẹ̀ lé e, tó ń yan wá lórí pánù bí ẹran súyà. Ara ìyá rẹ le ju tèmi lọ. Ó ń ta aṣọ, ó ń bá oníbàárà jà ní èdè Haúsá, ó ń bá wọn rẹ́ ní èdè Zarma. Ó ní kí o gbá yàrá wa méjèèjì tó wà ní ọwọ́ òsì, kí o sì sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn, nítorí à ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Má fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí o. Díẹ̀ ló kù kó má ṣeé ṣe, ohun tí mo sì fẹ́ kọ sí ọ nìyẹn.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi láìfarapa, pẹ̀lú ìwé tí ọkọ rẹ fi tapáwírítà tẹ̀ sí inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Mo kọ́kọ́ kà á bíi tíṣà, mi ò sì rí àṣìṣe kan: Àbdùlsàlàm mọ ìwé tẹ̀. Mo wá tún un kà bíi bàbá. Ìwé náà ní èmi Sàlíhù jẹ́rìí sí i pé ilé tó wà n'Ílọrin kì í ṣe tèmi, pé ti àna mi ni, pé kò sí ohun kan tó ń ti ibẹ̀ wọlé fún mi. Ìwọ náà wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i kí àwọn olówó-orí ibẹ̀ lè fi yín lọ́rùn sílẹ̀. Ìwé lásán ni." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí i. Jókòó, kí o gbọ́ ìdí rẹ̀.

O mọ fọ́tò ilé wa tó wà lára ògiri pálọ̀ níbí. Kò sí ilé ọmọ Yorùbá ní Zongo, àdúgbò àwa àlejò, tí kò ní irú rẹ̀. Yàrá alámọ̀ ni a háyà níbí, ẹni tó bá wọlé lè rò pé a ò ní ibi tí a ti wá. Nítorí náà, bí àlejò bá ti mu omi tán, a ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ bọ́ sára fọ́tò. Nínú tiwa, ilé bàbá mi ló dúró gbágbágbá yẹn, òfì Lùkúmàn ayálégbé wa wà níwájú rẹ̀, Lùkúmàn fúnra rẹ̀ jókòó sídìí òfì, ó fi gbogbo eyín hàn, ìwọ náà sì ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ.

Nígbà ọyẹ́, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ousmane wá wo ìwé pàtáǹtì ìyá rẹ, ìyẹn ìwé tí oníṣòwò fi ń tajà. Ọmọ dáadáa ni, ṣòkòtò rẹ̀ ní ojú áyọ́ọ̀nù tó lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Alájì Gàfárù, alága ẹgbẹ́ àwa ará ilé, ló mú un wá láti ṣe ògbufọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo Faransé tí Gàfárù gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n kọ sára aṣọ àǹkárá lọ. Ousmane mu omi, ojú rẹ̀ bọ́ sára fọ́tò. Mo ń múra àtisọ̀rọ̀, Gàfárù ti gbà á lẹ́nu mi. Ó ní, "Mùsíyé, ẹ má rò pé a sá nílé ni a fi wà níbí o. Ilé Tíṣà nìyẹn. Ayálégbé ń bẹ nínú rẹ̀, wọ́n ń sanwó. Ìgbà ọdún nìkan ni Tíṣà ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ sọ nípa tèmi n'Ógbómọ̀ṣọ́? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, fèrèsé onígíláàsì yí i ká." Ousmane rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilé fakáńsì, ilé ìsinmi, àbí?" Gàfárù ní, "Fakáńsì gan-an ni, bíi ti àwọn Faransé." Ousmane yọ bírò. Mo rí bírò yẹn, Wòsílátù. Ẹni tó bá ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí kíláàsì mọ ìgbà tí ènìyàn ń kọ ohun tó máa ṣe é lóore àti ìgbà tó ń kọ ohun tó máa ṣe ẹlòmíràn níbi.

Kò pẹ́ tí ìwé fi dé, ọ̀kan fún Gàfárù, ọ̀kan fún mi. Wọ́n ní kí a wá san owó-orí lórí owó ilé tí à ń gbà lókè òkun. Òkè òkun ni wọ́n pe Ìlọrin o. Wọ́n ní bí a ò bá san án, wọn ò ní lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìgbélùú wa, ẹni tí kò bá sì ní òǹtẹ̀ kó máa palẹ̀ mọ́. Mi ò bá òmìnira jà. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fa àsíá tuntun sókè níbí, mo jó tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ fi ní kí n rántí orúnkún mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún mi nígbà tí mò ń jó pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ilé tí wọ́n ti gé ìwọ́ mi á ti di ilé fakáńsì. Odò Ọya tí à ń wò níbí yìí náà ló ń kọjá ní Jẹ́bbà, nítòsí yín. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ló ń gbé gan-an.

Nígbà tí ìròyìn náà tàn ká, ohun tí mo rí ní Zongo pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì bà mí lọ́kàn jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo fọ́tò ilé bọ́ sílẹ̀ lára ògiri. Ẹlòmíràn gbé kàlẹ́ńdà sí ojú rẹ̀, ẹlòmíràn gbé dígí. Ilé tí mo wọ̀ láti kí aláìsàn, ńṣe ni ojú ibi tí fọ́tò wà tẹ́lẹ̀ funfun báláú láàárín ògiri tí èéfín ti pa dà, bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ fìlà tó ti dé fún ogún ọdún. Àwọn tó ń fi ilé wọn yangàn lánàá ń búra pé àwọn ò ní ju ẹní tí àwọn ń sùn lé lọ. Mo kí ọkùnrin kan pé, "Onílé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ó ní kí n rọra, kí n má pè é bẹ́ẹ̀ létí ọ̀nà.

Ní ti Gàfárù, ìwọ náà mọ̀ pé ìpìlẹ̀ nìkan ló wà n'Ógbómọ̀ṣọ́. Ewúrẹ́ ló ń gbé nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, wọn kì í sì í san owó ilé. Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá yọ ọ́: kó sọ fún Ousmane pé òun ò tíì kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu alága? Ó wọ agbádá, ó ṣí agboorùn, ó lọ san owó-orí lórí ilé tí kò sí. Ousmane bi í pé èló ni yàrá kan lóṣù, òun náà sì dá iye fún un, ó tún fi kún un. Ó gba rìsíìtì, ó fi í há àpò àyà níbi tí etí rẹ̀ á ti máa yọ síta. Ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Tíṣà, ọlọ́lá kì í bá ìjọba ṣe gbólóhùn asọ̀. Ẹ san án. Bí ẹ ò bá ní, ẹ ní kì í ṣe tiyín. Ẹ fi sórúkọ àna yín, ẹ lọ sùn." Ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ti ṣẹ̀ wá.

Wàyí o, ọmọ mi, ìdí tí mi ò fi ní fọwọ́ sí i nìyí. Àbdùlsàlàm kì í ṣe olè, Ọlọ́run mọ̀, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí o pè ní lásán yẹn á pẹ́ láyé ju èmi àti òun lọ. Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ rẹ kan àti ọmọ àbúrò rẹ kan á bá a nínú àpótí, wọn ò sì ní rí ẹni tó máa sọ fún wọn pé a fi ń tan òṣìṣẹ́ kan jẹ ni. Wọ́n á kà á bí a ṣe kọ ọ́. Ilé tí bàbá mi fi ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́ á di ẹjọ́. Yàtọ̀ sí èyí, mo ti ń san haraji, owó-orí tiwa, lórí ilé yẹn n'Ílọrin láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, rìsíìtì mi wà. Mi ò ní sẹ́ ohun tí mo ní, mi ò sì ní san ohun tí mo ti san. Bí méjèèjì yìí bá jẹ́ agídí, a jẹ́ pé alágídí ni bàbá rẹ, o ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Mo sọ fún ìyá rẹ lẹ́yìn ìrun àsárì pé mo fẹ́ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. Mo rò pé á bẹ̀ mí kí n má lọ, nítorí bí wọ́n bá lé mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà parí nìyẹn. Kò bẹ̀ mí. Ó bi mí pé, "Kí ni Lùkúmàn ń san fún wa gan-an tí wọ́n ń béèrè ìpín níbẹ̀?" Mo ní ṣé kò mọ̀ ni. Ó ní òun mọ̀, pé àwọn ni kò mọ̀. Ó dìde, ó lọ sídìí àpótí, ó gbé aṣọ ẹtù tí Lùkúmàn hun fún un ní Iléyá èṣí jáde. Ìwọ náà mọ̀ pé Lùkúmàn ò fún wa ní kọ́bọ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti gbà á sílé, aṣọ kan lọ́dún ni, àti kó máa bá wa tún pánù orí ilé ṣe. Báyìí ni bàbá rẹ̀ náà ṣe bá bàbá mi gbé. Gàfárù ló sọ ọ́ di owó.

Ìyá rẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó mú abẹ tó fi ń tú ojú ìrán. Mo ṣírò rẹ̀ fún un: bí a bá fi ìdá tí wọ́n béèrè wo aṣọ náà, kò tilẹ̀ tó fọ́nrán kan nínú àwọn tí a rán pọ̀ di aṣọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun, kí wọ́n gba odindi fọ́nrán. Mo ní kó tú ti etí, ìyẹn ò ní ba aṣọ jẹ́. Ó wò mí bí ìgbà tí oníbàárà bá ná ọjà rẹ̀ wálẹ̀ jù. Ó ní, "Bàbá Wòsílátù, ti àárín ni. Bí a bá fún wọn ní ti etí, wọ́n á rò pé kò dùn wá." Ó tú fọ́nrán àárín lójú ìrán, láti òkè délẹ̀, kò sì já òwú kan. Lẹ́yìn náà ló rán ìdajì aṣọ méjèèjì padà mọ́ra. Ọnà rẹ̀ ò bára mu mọ́ láàárín.

Ní ọjọ́ kejì, mo yọ fọ́tò lára ògiri, mo gbé e há abíyá, mo ká fọ́nrán aṣọ sínú àpò, mo kó rìsíìtì haraji mi dání. Bí mo ṣe ń gba Zongo kọjá, àwọn ènìyàn ń wo férémù abẹ́ apá mi bí ẹni tó ń wo ọkùnrin tó fẹ́ lọ fi ara rẹ̀ sùn. Gàfárù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti fẹ́ gbé e pamọ́ ni?" Mo ní rárá, mo fẹ́ gbé e lọ kí ìjọba.

Wọ́n mú mi dé iwájú ọ̀gá wọn, Boubacar, àgbàlagbà tó ti hewú, tó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀. Ousmane dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka òfin. Ó ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira ń wo ibi tí ènìyàn ń sùn ni. Mo ní mò ń sùn n'Ílọrin náà nígbà Iléyá, mo sì máa ń hanrun níbẹ̀ dáadáa. Mo kó rìsíìtì sílẹ̀. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kí n lọ túmọ̀ rẹ̀ kí n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Mo bi í bóyá eéjì Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí eéjì Faransé. Boubacar fi ìwé ìròyìn bo ẹnu.

Ọ̀gá náà wá bi mí ní Zarma, jẹ́jẹ́, pé, "Málàm, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ilé yìí kì í ṣe tiyín ni?" Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, Wòsílátù. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kì í ṣe tèmi, á lu òǹtẹ̀ rẹ̀, mà á sì máa lọ. Ìwé ọkọ rẹ wà nínú àpò mi. Mo gbé fọ́tò ka orí tábìlì rẹ̀, mo ní, "Tèmi ni. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Ọmọ mi obìnrin nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ayálégbé mi ló jókòó sídìí òfì yẹn, ohun tó sì ń san nìyí." Mo tú fọ́nrán aṣọ jáde, mo tẹ́ ẹ lé orí òfin Ousmane. Mo ní, "Ìpín Orílẹ̀-èdè Olómìnira nìyẹn. Ẹ fún mi ní rìsíìtì."

Ousmane ní ìjọba kì í gba aṣọ. Mo ní ìyàwó mi máa ń gbà á. Ó ní kí n sọ iye tó tó lọ́jà. Mo ní a ò tà á rí, kò sì ní dé ọjà nígbà tí mo bá wà láàyè. Bó bá mọ iye ohun tí ẹnikẹ́ni kò tà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, mà á fọwọ́ sí i. Mo ní, "Ẹ lè lé mi o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lé mi, ilé yẹn náà ni mà á lọ, nígbà tí mo bá sì ti ń gbé inú rẹ̀, kì í ṣe ilé fakáńsì mọ́."

Boubacar ti mú fọ́nrán náà, ó ń fi àtàǹpàkò wá ẹ̀yìn rẹ̀, bí àwọn tó mọ aṣọ ṣe máa ń ṣe. Ó ní Téra ni wọ́n ti bí òun, pé fọ́nrán tóóró báyìí náà ni wọ́n máa ń hun níbẹ̀, tí wọ́n á rán pọ̀ di kúbùsù ìyàwó. Ó bi mí níbo ni wọ́n ti tú u. Mo ní láàárín ni. Ó gbé ojú sókè. "Láàárín? Ta ló tú u?" Mo ní ìyá àwọn ọmọ ni. Ó yí sí Ousmane, ó ní, "Ṣé o rí ohun tí o fà?" Lẹ́yìn èyí, ó fa ìwé ìgbélùú mi mọ́ra, ó lù ú lóǹtẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ó ní òun á kọ̀wé sókè láti béèrè bóyá aṣọ tí a kì í tà jẹ́ owó. Ó ní kí èsì rẹ̀ tó dé, Ousmane á ti ní ọmọ-ọmọ.

Mo na ọwọ́ kí n gba fọ́nrán wa padà. Ó ní, "Fofo, Málàm, ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí ò lè padà. Òun ni ẹ̀rí." Ó fi pínnì kàn án mọ́ ìwé tó fẹ́ kọ. Nítorí náà, ìjọba ti gba ìpín rẹ̀. Wọn ò sì fún mi ní rìsíìtì.

Mo padà sílé, mo gbé fọ́tò kọ́ sí ààyè rẹ̀. Kó tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí kàlẹ́ńdà mélòó kan tó ti bọ́ sílẹ̀ ní àdúgbò. Ní ti Gàfárù, kò lè lọ gba owó rẹ̀ padà láìsọ pé irọ́ lòun pa. Mo gbọ́ pé ó ti fi owó búlọ́ọ̀kù ránṣẹ́ sílé. Ó ní ẹni tó ti san owó-orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣòfò.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán ọ. Lùkúmàn á gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ̀ ọ́n, ojú ẹsẹ̀ ni yóò gbé òfì kalẹ̀ láti hun fọ́nrán mìíràn kó lè dí àárín aṣọ náà. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní kó má hun ún. Bó ṣe wà yẹn ló fẹ́ ró o lọ sí yídì, kí àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í léèrè ohun tó ṣe ọnà rẹ̀. Ó ti ń fi ìdáhùn rẹ̀ dánra wò níwájú dígí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Àwọn ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ, wọn ò ní dàgbà sínú ìjà. Iṣẹ́ Àbdùlsàlàm á máa gbé e lékè, ọwọ́ tó fi tẹ ìwé fún mi nítorí ìfẹ́ kò ní rọ. Ilé tí mo gbé ọ jó nínú rẹ̀ kò ní di ibi tí wọ́n á ti máa béèrè ọ̀nà. Yóò bá wa láyọ̀ ní Iléyá, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ni ilé,

Sàlíhù.

Àfikún: Bébà wọ́n ní Niamey. Yí ewé tó gbẹ̀yìn yìí padà, wàá rí i pé ìwé tí Àbdùlsàlàm tẹ̀ ni. Sọ fún un pé mo fọwọ́ sí i bí ẹ ṣe bẹ̀ mí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí.